Kòkòrò Erékùṣù Bàbá Abdulganiyu

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò Kaduna a máa fà sẹ́yìn lẹ́bàá Kabala Doki, àwọn ilẹ̀ kéékèèké a yọrí láàárín omi, kálukú a sì gbin àlùbọ́sà sórí tirẹ̀. Èyí tó kéré jù, tí kò ju àgbàlá ilé kan lọ, ni Bàbá Abdulganiyu ń dáko sí láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ tó ti ń hunṣọ ní Kakuri ti kógbá sílé. Ẹ má ṣáà jẹ́ kó gbọ́ pé mo pè é ní kékeré. Mofìyìnfólúwa, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gbé ní Ungwan Romi, ti kúnlẹ̀ síbẹ̀ láti àárọ̀, ó ń gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ sínú àtẹ funfun, ó sì ń ṣa kòkòrò inú rẹ̀. Bàbá jókòó tì í, ó ń wò ó bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò.

BÀBÁ: Kí lo rí?

FÌYÌN: Ekòló, sà.

BÀBÁ: Ó wà. Kí lo tún rí?

FÌYÌN: Ikán.

BÀBÁ: Ó wà. Má kánjú. Ilẹ̀ yìí kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n ń kánjú kà.

FÌYÌN: Ọ̀kùn. Ìrẹ̀. Àkekèé! *(Ó sún sẹ́yìn.)* Bàbá, ìgbín wà níbí.

BÀBÁ: Wọ́n máa ń wà.

FÌYÌN: Nínú yanrìn gbígbẹ?

BÀBÁ: Wọ́n fẹ́ràn atẹ́gùn.

*(Fìyìn kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wo odò, ó wo àtẹ, ó tún kà á.)*

FÌYÌN: Bàbá, oríṣi mẹ́rìndínlógún ló wà níbí. Erékùṣù Bàbá Ọlánípẹ̀kun lọ́hùn-ún, tó tóbi tó pápá bọ́ọ̀lù, mọ́kànlá péré ni mo rí níbẹ̀.

BÀBÁ: *(Ó kọjú sódò kí ó má baà rẹ́rìn-ín.)* Mọ́kànlá. Haba. Òun náà ń gbìyànjú.

FÌYÌN: Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, sà. Ilẹ̀ tó bá tóbi ló yẹ kí oríṣi kòkòrò pọ̀ sí. Igi á wà níbẹ̀, òjìji á wà, ewé á jábọ́, á jẹrà. Ibi gbígbẹ á wà, ibi tútù á wà, kòkòrò kọ̀ọ̀kan á rí ibi tó bá a lára mu. Ilẹ̀ tó bá kéré, omi kàn máa kún díẹ̀ ni, gbogbo wọn á bá a lọ.

BÀBÁ: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

FÌYÌN: Inú ìwé ni, sà.

BÀBÁ: Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò dé ibí. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

FÌYÌN: Ọ̀rọ̀ yìí le, Bàbá. Ọ̀la ni màá gbé pírójẹ́ẹ̀tì yìí fún olùkọ́ mi. Ó ti ní bí mo bá tún mú iṣẹ́ tí kò ṣe é gbà gbọ́ wá, mi ò ní bá àwọn ẹgbẹ́ mi jáde. Tó bá rí ìgbín yìí, á ní orí bẹ́ẹ̀dì ni mo dùbúlẹ̀ sí tí mò ń kọ nọ́ńbà.

BÀBÁ: Sọ fún un pé mo wà níbẹ̀.

*(Fìyìn tún fa nǹkan jáde. Ó gbé e sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́.)*

FÌYÌN: Bàbá, kí ni aáyán ń wá nínú oko àlùbọ́sà?

BÀBÁ: Ṣé kì í ṣe kòkòrò ni?

FÌYÌN: Kòkòrò ilé ìdáná ni. Ìrẹsì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

BÀBÁ: Ó ti jẹun kó tó jáde.

FÌYÌN: Jáde níbo?

*(Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tu koríko níbi tí koríko kò sí.)*

BÀBÁ: Ọmọ mi, ṣé wàá mu omi?

FÌYÌN: Bàbá!

BÀBÁ: To, ó dáa. Ilé ìdáná Hàwáwù ìyàwó mi ni. Ekòló, ẹ̀yìn balùwẹ̀ wa. Ikán, férémù ilẹ̀kùn wa. Inú Hàwáwù dùn pé wọ́n ń rìnrìn àjò. Àkekèé nìkan ló fún mi ní wàhálà. *(Ó na ìka kan tó wú.)* Àná ni mo fi ọkọ̀ gbé gbogbo wọn wá.

FÌYÌN: *(Ó jókòó lé àlùbọ́sà láìmọ̀.)* Kí ló dé, sà?

BÀBÁ: Ìwọ lo fà á. Ìwọ lo sọ iye tirẹ̀ fún Ọlánípẹ̀kun. Láti ìgbà náà, bó bá ń tukọ̀ kọjá, kò kí mi ní sannu mọ́. "Mọ́kànlá!" ló ń pariwo. O wá ní o ń bọ̀ wá ka tèmi. Ṣé kí àlejò wọlé kó bá ilé ní òfìfo? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé yunifásítì, kí ọmọ ọmọ mi kà á, pé ilẹ̀ Abdulganiyu, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀?

FÌYÌN: *(Omi ti dé ojú rẹ̀.)* Ẹ ti bà á jẹ́, Bàbá. Kò sí erékùṣù mìíràn tó kéré tó báyìí. Màmá mi ti ra bàtà tó máa wọ̀ lọ́jọ́ tí mo bá gboyè.

*(Àánú ọmọ náà ṣe Bàbá gan-an. Ó mí kanlẹ̀, ó kúnlẹ̀ sídìí àtẹ, ó sì ń fi ìka tó wú yẹn yà wọ́n sọ́tọ̀.)*

BÀBÁ: Èyí, àlejò. Èyí, àlejò. Èyí, onílé. Kọ ọ́ sílẹ̀. Èèrà pupa, ọ̀bọ̀nbọ̀n dúdú yìí, àti alántakùn tí mò ń bá níbí lójoojúmọ́. Mẹ́ta. Kọ ọ́ kíá kí n tó yí ọkàn padà.

FÌYÌN: Ẹ ṣé, sà! Mẹ́ta níbí, mọ́kànlá lórí ilẹ̀ ńlá. Ó bá ìwé mu gẹ́lẹ́! Kì í sì í ṣe àbùkù, Bàbá.

BÀBÁ: Àbùkù ni. Mo kàn gbà á nítorí bàtà màmá rẹ ni.

FÌYÌN: *(Ara rẹ̀ ti yá.)* Ẹ jẹ́ kí n bá yín kó àwọn àlejò yìí padà sílé. Kí lẹ fi kó wọn wá?

BÀBÁ: Korobá tó wà nínú ọkọ̀ yẹn. Fọ̀ ọ́ dáadáa tó o bá parí o, ti Ọlánípẹ̀kun ni.

FÌYÌN: Ṣé Bàbá Ọlánípẹ̀kun mọ̀ pé kòkòrò lẹ fẹ́ fi kó?

BÀBÁ: Wallahi, òun ló fà á lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun ò lò ó mọ́, níwọ̀n ìgbà tí o ti ka tòun tán.