Kárọ́ọ̀tì Ẹlẹ́rùpẹ̀-Wúrà

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń yan bọ̀ nínú aṣọ funfun tó gba sítáàṣì, tó ń kí ilẹ̀ kó tó kí èèyàn, ẹ má wulẹ̀ bèèrè orúkọ rẹ̀. Ẹlẹ́rùpẹ̀-Wúrà nìyẹn, ọkọ ilẹ̀, àna òjò, àgbẹ̀ tí èékánná rẹ̀ mọ́ ju ti ìyàwó tuntun lọ. Oko rẹ̀ kò kọjá ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju oko ìjọba lọ.

"Ẹni tó bá ń jẹ oúnjẹ òkèèrè," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, "ikùn rẹ̀ á máa sọ èdè tí òun fúnra rẹ̀ ò gbọ́!"

Ìyàwó rẹ̀ á kàn mí kanlẹ̀. Òun ni olórí alásè ilé ìwé àdúgbò, ó sì mọ ohun tí ọkọ òun ń wá. Màdáámù, ọ̀gá ilé ìwé, fẹ́ kí àwọn ọmọ máa jẹ ohun tí wọ́n gbìn nítòsí. Kíá ni Ẹlẹ́rùpẹ̀-Wúrà ti lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má rà lọ́wọ́ ẹlòmíì, àfi lọ́wọ́ òun nìkan. Màdáámù ní òun á kọ́kọ́ wá wo oko ná.

"Bàbá wọn," ìyàwó ní, "ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí o. Kí lẹ fẹ́ fi hàn wọ́n? Ohun tó hù nítòsí dáa lóòótọ́: ó tutù, ó dùn, owó rẹ̀ ò sì kúrò ládùúgbò. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti lọ, ó di ọ̀wọ́n gógó, kòkòrò á sì jẹ ìyókù. Bí ìkòkò bá ṣófo, èmi ni wọ́n máa lé lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Gbẹ́nu dákẹ́ jàre. Ta ni ọkọ ilẹ̀, èmi àbí ìwọ?"

Láàárọ̀ ọjọ́ àbẹ̀wò, ọkọ ilẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù ńlá dé pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì òkèèrè tewétewé, tí wọ́n fi rọ́bà di ìdì kọ̀ọ̀kan. Ó gbẹ́ ihò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn. Ṣùgbọ́n aṣọ sítáàṣì kì í jẹ́ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́. Kò tú rọ́bà kankan. Odindi ìdì ló ń rì mọ́lẹ̀, ó wa erùpẹ̀ bò ó, ó bu omi lé e. Ìyàwó ń wò ó láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Kó tó jáde sí i, àwọn àlejò ti dé ẹnu géètì.

Màdáámù kó àwọn tíṣà àti òbí wá. Àwọn aládùúgbò náà wá, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ìran ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun.

"Ọwọ́ yìí ló gbìn ín!" Ẹlẹ́rùpẹ̀-Wúrà na ọwọ́ sókè. "Ẹ fà á, ẹ wò ó!"

Màdáámù di ewé mú, ó fà á. Kárọ́ọ̀tì kan ń bọ̀, gbogbo mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Bàbá, kí ló dì wọ́n pọ̀ báyìí?"

"Ìfẹ́ ni, Màdáámù. Bí ilẹ̀ bá lọ́ràá, gbòǹgbò á máa wá ara wọn."

"Rọ́bà yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀yà tuntun ni. Òun àti rọ́bà ẹ̀ ni wọ́n jọ ń hù."

Ìyá télọ̀ tó ń gbé ní òdìkejì kò lè mú un mọ́ra. "Ẹyin ń bẹ nílé mi o! Ẹ bá mi gbìn ín, adìẹ ni mo fẹ́ kórè!"

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀. Àwọn kan di ògiri mú kí wọ́n má baà ṣubú.

"Ìyá àwọn ọmọ, sọ fún wọn!" ni ọkọ ń bẹ̀.

Obìnrin náà rò ó wò. Bó bá purọ́, wọ́n á máa rà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, òun ló sì máa dúró ti ìkòkò òfìfo níwájú àwọn ọmọ tébi ń pa.

"Màdáámù, ẹ má bínú. Òkèèrè ló ti wá. Ká jẹ tìtòsí nígbà tó bá wà, ká ra tòkèèrè nígbà tí kò bá sí, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tó ń tini lójú ni kéèyàn máa gbin ohun tí ẹlòmíì ti kórè."

Màdáámù mi orí. "Ẹnikẹ́ni tó bá gbin nǹkan ládùúgbò yìí, a ó rà lọ́wọ́ rẹ̀. Olórí alásè ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò." Ó wá yíjú sí Ẹlẹ́rùpẹ̀-Wúrà. "Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, Bàbá ò ṣáà ní gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ti fi ta àwọn ọmọ wa lọ́rẹ. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Ìyàwó gbé agbọ̀n jáde, àwọn tíṣà ń fà, ìdì ń tẹ̀ lé ìdì. Nígbà tí ọkọ ilẹ̀ rí i pé gbogbo ojú wà lára òun, òun náà gbé ọwọ́ mímọ́ méjèèjì sókè, ó ń pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń kó o lọ.