Elvire Po Amọ̀ ní Yoko

Ní Yoko, lápá Sakété, ìyá kan, Ṣàkírátù, ń yan gàrí nídìí agbada. Èéfín bò ó lójú. Elvire, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń kàwé ní Kútọnu, wọlé pẹ̀lú ìwé káyé àti gègé bíìkì lọ́wọ́.

ELVIRE: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o!

ṢÀKÍRÁTÙ: (ó ń húkọ́) Elvire! Káàbọ̀. Ìwé kí ni wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ yín ní Kútọnu?

ELVIRE: Lédè Faransé, develópumá dúrábù ni.

ṢÀKÍRÁTÙ: Dúró bù? Ta ló ní kẹ́nikẹ́ni dúró bù? Wíwọ̀n là ń wọn gàrí tèmi!

ELVIRE: Kì í ṣe gàrí, Màmá. Bí a ó ṣe lo ilé ayé tí yóò fi ṣẹ́kù fáwọn ọmọ wa ni.

ṢÀKÍRÁTÙ: (ó wò ó tòkè-tilẹ̀) Àwọn ọmọ wa? O ti lóyún ni?

ELVIRE: Rárá o! Ọmọ ọjọ́ iwájú ni mò ń wí.

ṢÀKÍRÁTÙ: Bí iwájú náà kò bá jìnnà, tètè sọ, kí n mọ ohun tí màá wí fún ìyá rẹ.

ELVIRE: Màmá! Ìbéèrè ni mo bá wá. Kí ni ìṣòro tó ń bá ilé ayé jà jù?

ṢÀKÍRÁTÙ: Èéfín. (Ó tún húkọ́.)

ELVIRE: (ó ń kọ ọ́, inú rẹ̀ ń dùn) Ó dáa gan-an! Igi ńkọ́?

ṢÀKÍRÁTÙ: Ìdì mẹ́ta lóòjọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń ṣẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ó kù díẹ̀ kí n ṣẹ́gi dé Ita-Djèbou lọ́hùn-ún.

ELVIRE: Ẹ ò rí i? Ààrò amọ̀ tí a bò yíká ló kàn: ẹnu kan níwájú, ihò èéfín lẹ́yìn. Ìdì kan á tó. Ogójì ojú ewé ni mo kọ nípa rẹ̀!

ṢÀKÍRÁTÙ: O ti mọ ọ̀kan rí?

ELVIRE: Ó... mo ti ya àwòrán rẹ̀.

ṢÀKÍRÁTÙ: Amọ̀ ń bẹ lẹ́yìn kànga. Bọ́ bàtà.

Elvire bọ́ bàtà. Ó da omi lé amọ̀, omi pọ̀ jù. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó yọ̀, ó jókòó sínú rẹ̀ gbì.

ṢÀKÍRÁTÙ: Ojú ewé wo lèyí wà?

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Ṣàkírátù náà bọ́ sínú amọ̀, ó da koríko gbígbẹ sí amọ̀ kó lè le, wọ́n jọ mọ ààrò náà títí ó fi dúró. Nígbà tó gbẹ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n dáná sí i láàárọ̀. Èéfín gba ẹ̀yìn lọ. Ìdì igi kan ṣoṣo yan odidi abọ́ gàrí ńlá kan.

ELVIRE: Màmá, ẹ ò húkọ́!

ṢÀKÍRÁTÙ: (ó ń wo inú agbada) Gàrí mi mà funfun o. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kedere báyìí gbẹ̀yìn.

ELVIRE: Ó ku ohun kan. Ọ̀gá wa ní kò sóhun tí kò ní àléébù, ká kọ àléébù ààrò yìí pẹ̀lú. Kí ni kí n kọ?

ṢÀKÍRÁTÙ: Kọ ọ́ pé Berthe, ará ilé kejì, kò rí èéfín mi láàárọ̀ yìí, ó ti lọ pe lèmọ́mù kó wá sin mí.