Bí Oddmund Ṣe To Igi Yí Ara Rẹ̀ Ká

Nígbà tí Borghild yọrí lójú fèrèsé ilé ìdáná, tó ní kí ọkọ òun wá wẹ̀, Oddmund ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé igi tó kẹ́yìn lé orí ìtò igi rẹ̀ ni. Ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a kó lè jókòó dáadáa. Ó mí kanlẹ̀.

"Ó parí," ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

Ó yíjú sọ́tùn-ún. Igi.

Ó yíjú sósì. Igi.

Ó yípo, bóyá ẹ̀yìn á yàtọ̀. Igi ni.

Ó wá gbójú sókè. Ojú ọ̀run wà níbẹ̀, ó rí roboto bí àwo ọbẹ̀, ìkùukùu kékeré kan ń kọjá lọ nínú rẹ̀.

"Bàbá Ingunn, ẹ máa bọ̀ o. Àwọn àna wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

"Mò ń bọ̀."

Kò bọ̀. Ibo ni ì bá gbà?

Kí ẹ má baà rò pé orí ọkùnrin yìí dàrú, ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ìtò igi Oddmund wó. Ẹyẹ kan ló bà lé e. Títí dòní, ohun tí Oddmund ń sọ ni pé ẹyẹ náà sanra. Gbogbo ará abúlé wa, Nordli, ló mọ ẹyẹ yẹn. Kò wúwo tó ife kọfí. Ó kàn bà jẹ́jẹ́ ni, igi ṣe "kẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀," ó wá ṣe "gbàràgàdà," ó ya bo títì, ó sì bọ́ sí àkókò tí wọ́n ń gbé òkú ìyá àgbà kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú kóòtù dúdú lọ́rùn, wọ́n ń fọwọ́ ṣa igi kúrò lọ́nà. 

Òkú náà dúró dè wọ́n.

Ọdún yìí wá ni Ingunn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ní òun ti rí ẹni tí òun máa fẹ́. Vidar lorúkọ ọmọkùnrin náà. Kò sóhun tó burú lára Vidar. Bàbá rẹ̀ ni wàhálà, torí Gudbrand ni bàbá rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ Gudbrand á mọ igi Gudbrand. Lódìkejì òkè, ìtò igi rẹ̀ gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ilé dé òpin ilé, ó tẹ́jú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Mọ́tò tó bá ń kọjá níbẹ̀ á rọra. Àwọn ìyàwó tuntun máa ń lọ ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́dọ̀ tiwa níbí, bí ẹbí ọkọ bá wá wo ilé ìyàwó, wọn kì í wo pálọ̀, wọn kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà lọ tààrà, kí wọ́n lè wo igi tí onílé sá sílẹ̀ de ìgbà òtútù. Bí igi bá wọ́, wọ́n á gbà pé orí onílé náà wọ́.

Oddmund ò fẹ́ kí orí òun wọ́ lójú àna. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, yípo lòun máa tò ó, kó rí bí aká tí àgbẹ̀ ń kó àgbàdo sí, kí àlàfo díẹ̀díẹ̀ wà láàárín tí afẹ́fẹ́ á máa gbà kọjá, kí igi lè gbẹ kí yìnyín tó dé. Láti ìgbà tí yìnyín tó kọjá ṣì wà nílẹ̀ ló ti ń gé e. Ó gé e, ó là á, pàù, pàù, pàù, títí Borghild fi ń gbọ́ àáké lójú oorun. Katakata wá da gbogbo rẹ̀ jọ gègèrè sí àárín àgbàlá.

Ẹlòmíì á dúró síta, á bẹ̀rẹ̀, á mú igi, á rìn lọ, á gbé e kalẹ̀, á tún padà wá. Oddmund ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Igi wà láàárín. Bí òun náà bá wà láàárín, kí lòun tún ń rìn kiri fún? Ló bá gun orí òkìtì igi náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó yí ara rẹ̀ ká.

Ọgbọ́n náà dùn mọ́ ọn. Bí ìtò ṣe ń ga ni òkìtì ń kéré, bí òkìtì ṣe ń kéré ni Oddmund ń lọ sílẹ̀. Kò mọ̀. Borghild ń yọjú wò ó lójú fèrèsé láti àárọ̀. Ó kọ́kọ́ rí i dé ìgbànú. Nígbà tó yá, ó rí i dé ọrùn. Nígbà tó tún yá, fìlà nìkan ló rí, ó sì rò pé ọkọ òun bẹ̀rẹ̀ ni.

Ó wá jáde sí àgbàlá pẹ̀lú aṣọ ìnura léjìká. Ó yí ìtò igi náà ká. Ó tún un yí.

"Bàbá Ingunn?"

"Mo wà níbí."

"Níbo?"

"Níbí náà."

Borghild fi ojú sí àlàfo kan láàárín igi. Ojú kan ń wò ó padà. Borghild ò pariwo. Ó ti pẹ́ tó ti wà nílé ọkọ.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń to igi ni."

"Ṣebí ẹ ti tò ó tán?"

"Mo ti tò ó tán."

"Ẹ jáde, nígbà náà."

"Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà."

Borghild ronú díẹ̀. "Ẹ ti apá kan wó."



"Ìyá Ingunn," ni Oddmund wí jẹ́jẹ́, "ṣé o gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ẹ?"

"Igi ni, Bàbá Ingunn."

"Sún sẹ́yìn kó o wò ó láti ọ̀ọ́kán. Ṣé o ti rí irú ẹ̀ rí?"

Borghild sún sẹ́yìn. Ó wò ó.

"Mi ò rí irú ẹ̀ rí," ó ní. Kì í ṣe igi ló ń bá wí.

Oddmund ní òun á gun ún jáde. Ó ki ẹsẹ̀ bọ àlàfo kan, ó fa ara rẹ̀ sókè. Igi ṣe "kẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀." Oddmund mọ ohùn yẹn. Ó rọra fa ẹsẹ̀ yọ bí ẹni tó tẹ ìrù ajá.

"Lọ gbé àkàbà wá," ó ní. "Ó wà lẹ́yìn ilé ẹran ọ̀sìn lọ́hùn-ún. Má jẹ̀ẹ́ kó kan igi o."

Borghild ò tíì gbẹ́sẹ̀ tí mọ́tò kan fi wọlé. Ó dúró. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí.

"Àwọn ni," Borghild sọ sínú igi.

"Sọ pé mi ò sí nílé."

"Mi ò ní purọ́ fún àna."

Gudbrand ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ga bí òpó iná, ó wọ kóòtù àti tai. Ìyàwó rẹ̀ Halldis tẹ̀lé e, obìnrin kékeré kan tó gbé ìgò jáàmù, èso tí wọ́n fi ṣúgà sè kó ki, lọ́wọ́. Borghild kí wọn, wọ́n kí i, ó mú wọn jókòó nídìí tábìlì níta, ó bu kọfí fún wọn.

"Àwọn ọmọ dà?" Halldis béèrè.

"Wọ́n lọ ra wàrà kíki tí a máa fi jẹ àkàrà wáfù. Wọn ò ní í pẹ́ dé."

"Bàbá Ingunn ńkọ́?" ni Gudbrand wí.

Borghild wá ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe irọ́.

"Wọ́n wà nínú igi," ó ní.

Gudbrand mi orí. "Iṣẹ́ igi kì í tán."

Borghild ní kí wọ́n dákun, òun fẹ́ lọ gbé nǹkan kan wá, ó sì forí lé ẹ̀yìn ilé ẹran. Ó ku àwọn àlejò nìkan. Gudbrand ò fọwọ́ kan kọfí. Ó dìde, ó gba ìdí igi lọ tààrà. Halldis gbé ife tirẹ̀, ó tẹ̀lé e.

Láti inú, Oddmund ń rí kóòtù tó ń kọjá lójú àlàfo. Dúdú, ìmọ́lẹ̀, dúdú, ìmọ́lẹ̀. Ó sé èémí. Gudbrand yí igi náà ká. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ìka kan ọ̀kan, kọ́, kọ́. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di ojú kan, ó fi èkejì tọ̀ ọ́ lọ bóyá ibì kan wọ́. Lẹ́yìn náà ó sún sẹ́yìn, ó tún wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Halldis," ó ní, "ọkùnrin yìí mọ igi."

Oddmund ki fìlà rẹ̀ bọ ẹnu, ó gé e jẹ.

"Ó dáa," ni Halldis wí.

"Ó ju kó dáa lọ. Tèmi ò tó èyí."

Omi bọ́ lójú Oddmund.

"Ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ," ni Halldis wí, "tí wọ́n bá wá kí wa nígbà òtútù?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Wọ́n á jókòó nínú pálọ̀, wọ́n á máa wò yí ká, wọ́n á ní iná dà."

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Ta ló wà níbí? Àtìgbà tí Vidar ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ ti to igi yẹn, ẹ ò sì jẹ́ kí n yọ ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Iná mànàmáná là ń yá. Lọ́jọ́ tí iná lọ ńkọ́, tá a wọ fìlà sùn? Igi wà níta bí òkè, eyín ń gbọ̀n mọ́ra lẹ́nu mi."

"Tí mo bá yọ ọ̀kan, ihò á wà níbẹ̀."

"Bàbá Vidar, igi ìdáná ni. Wọ́n máa ń dáná sun ún ni."

"Mo mọ̀," Gudbrand wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tí dókítà ń bá sọ̀rọ̀.

Nínú igi, Oddmund la ẹnu sílẹ̀. Níbi tó ti la ẹnu sílẹ̀, eruku èèpo igi gbabẹ̀ wọlé. Ó di imú mú. Ó dì í mú pinpin. Ó gbàdúrà.

Hìì. Hìì. Hàtíṣìn!

Halldis wo Gudbrand. Gudbrand wo Halldis.

"Ìwọ lo sín?"

"Èmi kọ́. Ẹ̀yin kọ́ ni?"

"Èmi kọ́."

Àwọn méjèèjì wá wo igi.

Gudbrand yí kùkùté tí wọ́n ń la igi lé lórí wá, ó gun ún, ó na ọrùn wo inú. Nísàlẹ̀, láàárín èèpo igi, Oddmund jókòó, fìlà tó ti rin gbindin wà lórí orúnkún rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Gudbrand wí.

"Ẹ ṣeun. Ẹ kú ìrìn."

"Ẹ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀."

"Rárá, mo ti parí."

Gudbrand mi orí. Kí èèyàn parí igi tán kó sì jókòó sínú rẹ̀, kò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Oddmund wúkọ́ díẹ̀. "Igi yìí nípọn púpọ̀," ó ní. "Téèyàn bá ti wà nínú ẹ̀, kì í gbọ́ ohunkóhun láti ìta."

Gudbrand wò ó títí.

"Àna mi ni yín," ó ní.

Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Àwọn ò rẹ́rìn-ín o.

Borghild gbé àkàbà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó rí àna lórí kùkùté, kò béèrè ohunkóhun. Wọ́n ṣètò pé kí Gudbrand dúró lórí kùkùté, kó gba àkàbà náà lọ́wọ́ Borghild, kó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú fún Oddmund, kó má sì kan igi. Gudbrand tún na ọrùn wo inú. Kó tó gba àkàbà, ó dúró.

"Àna, ẹsẹ̀ ìtò náà nísàlẹ̀ yẹn, báwo lẹ ṣe yí i tí kò fi yọ̀?"

"Kò ṣeé fẹnu sọ. Àfi kéèyàn rí i."

"Ṣé mo lè rí i?"

"Ẹ wọlé."

"Bàbá Vidar," ni Halldis wí láti ilẹ̀, "ẹ má wulẹ̀ . . ."

Gbì.

Ó ti fò wọlé, tòun ti kóòtù, tòun ti tai.

Àwọn obìnrin ń gbọ́ wọn níta tí wọ́n ń fi orúnkún rìn káàkiri.

"Ẹ wo ibí."

"Áà."

"Ẹ wo bí èyí ṣe di èyí mú. Ẹni tó bá yọ eléyìí báyìí . . ."

"Ta ló máa yọ ọ́?"

"Òótọ́ lẹ sọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yọ ọ́."

Borghild gbọ́ ọ. Ó ro ti ìgbà òtútù tó ń bọ̀, ara rẹ̀ bù máṣọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohùn Oddmund tó jáde. "Ìyá Ingunn, na àkàbà yẹn sí wa."

Borghild na ọwọ́ sí àkàbà. Halldis gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Obìnrin kékeré náà wá gbé àkàbà kúrò fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, kò kan igi kankan, ó tẹ́ ẹ sórí koríko.

"Kọfí ń tutù," ó ní.

Wọ́n padà sídìí tábìlì. Wọ́n fi jáàmù àti wàràkàṣì aláwọ̀ kọfí jẹ wáfù. Halldis mú igi kékeré kan tó ṣẹ́ kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní òun kàn fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́. Borghild bu kọfí mìíràn. Nínú igi, àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀: ṣé òkè ló yẹ kí èèyàn kọjú èèpo sí, àbí ìsàlẹ̀. Ohùn ń ròkè, ohùn ń rẹlẹ̀. Kò tún sẹ́ni tó béèrè àkàbà mọ́.

Nígbà tó yá, Ingunn àti Vidar dé pẹ̀lú wàrà kíki. Wọ́n wo ìdí tábìlì, wọ́n wo mọ́tò, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà ilé.

"Màámi," ni Ingunn wí, "àwọn bàbá wa dà?"

Borghild nu jáàmù kúrò lẹ́nu. Ó fi àgbọ̀n júwe ìtò igi.

"A ti tò wọ́n," ó ní. "Wọ́n ń gbẹ."