Ọwọ́ Ta Ni Ká Fi Kọ Ọpẹ́ Ìyá Ìyàwó?

Ṣọ́ọ̀bù akọpátákó há débi pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ láì fara kan ọ̀dà tútù, kó lọ dúpẹ́. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin tí àdúgbò sọ ní Àtàǹpàkò, nítorí pé àtàǹpàkò rẹ̀ kì í sinmi lórí fóònù, tiro wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tójú rẹ̀ korò bí ẹni tí wọ́n ní kó fi ahọ́n gbálẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kọ ìwé ọpẹ́ kan. Kékeré ni."

Akọpátákó ò gbójú sókè. Ó ń fa ìlà pupa yí MÁ DA ÌDỌ̀TÍ SÍBÍ ká. "Ìwé ọpẹ́? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú! Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi kán, ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà títí ó fi san. Mo sì ti dúpẹ́ lórí fóònù o. Mo fi òdòdó sí i, mo fi ọwọ́ méjì tó pàdé sí i, mo fi orin sí i pàápàá. Ṣé ẹ mọ ohun tí màmá wí?"

"Wọ́n ní orin yẹn ò dùn."

"Wọ́n ní irú ìkíni yẹn gan-an ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, láti ọwọ́ ẹni tó ta bẹ́ẹ̀dì fún wọn."

Akọpátákó bú sẹ́rìn-ín, ọ̀dà ta sí i nímú.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àfi tí mo bá fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n má wulẹ̀ mú àwọn ẹbí mi wá tọrọ ọmọ. Láyé òde òní! Ta ló ń kọ ìwé mọ́? Bírò kan ṣoṣo tó wà nílé wa, ẹ̀yìn ni bàbá mi fi ń họ."

"Wọ́n ní ọwọ́ ara rẹ, o wá gbé e wá fún ọwọ́ mi."

"Ọwọ́ lọwọ́ ń jẹ́, ọ̀gá. Ṣé wọ́n máa wá yẹ ìka wò ni?"

"Ó dáa." Akọpátákó ti fa páálí kan yọ. "Ṣé ilẹ̀ funfun lo fẹ́ ni àbí yẹ́lò? Lẹ́tà tèmi máa ń ní òjìji o. Bí o bá wò ó láti òdìkejì títì, wàá rò pé ó ń bọ̀ wá bá ẹ."

Kí Àtàǹpàkò tó lanu, búrọ́ọ̀ṣì ti ń fò. Ọ̀gá gbé páálí sókè bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Àtàǹpàkò kà á. "'ÀKÍYÈSÍ PÀTÀKÌ! A DÚPẸ́. Ẹ GBA ILẸ̀KÙN Ẹ̀YÌN.' Ọ̀gá! Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wo?"

"Ọwọ́ ló sáré. Mi ò kọ A DÚPẸ́ rí kí ilẹ̀kùn má tẹ̀ lé e."

"Ọfà tẹ́ ẹ wá fà sábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Kí wọ́n lè mọ ibi tí ọpẹ́ kọjú sí."

"Àna ni mo fẹ́ kí, kì í ṣe ọkọ̀ ẹrù! Ẹ dúró ná... Mo ti rí lẹ́tà yìí níbì kan."

"Níbi gbogbo ni!" Akọpátákó yọ àyà síta. "Ilé ìwòsàn, èmi ni. Ilé ìtọ̀ ọkùnrin, èmi ni."

"Ti ẹnu géètì màmá ńkọ́? Ẹ ṢỌ́RA, AJÁ BURÚKÚ?"

"Èmi ni! Ṣé o rí ìrù tí mo fi sídìí J? Látìgbà tí mo ti kọ ọ́, ajá yẹn ò gbó mọ́. Pátákó ń bá a ṣiṣẹ́, ó ń sùn."

"Mo gbé! Wọ́n á rò pé ajá ló kọ̀wé sí wọn! Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi, ẹ tún un kọ. Ẹ kọ ọ́ kó burú."

Akọpátákó rọra gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. "Kó kí ni?"

"Kó burú díẹ̀. Kó jọ tèmi."

"Látìgbà tí mo ti ń di búrọ́ọ̀ṣì mú, ìbúrẹ́wà ò tọwọ́ mi jáde rí. Ara ló bá yún mi tí mo họ ọ́, ojú ìhọ yẹn á gún régé ni!"

"Ẹ ṣáà gbìyànjú."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì mú búrọ́ọ̀ṣì, ó dijú, ó kọ̀wé. Lẹ́tà jáde, ó tún dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"O rí i? Àrùn ni. Gba bírò àti pépà yìí. Kọ bí tìẹ ṣe ń burú sílẹ̀ kí n lè dà á kọ."

"Kí n kọ kí ni?"

"Èwo ni ti kí ni? Kí ni màmá yẹn ṣe fún ẹ?"

"Wọ́n tọ́jú mi."

"Nọ́ọ̀sì náà ń tọ́jú èèyàn. Mo ní kí ni wọ́n ṣe?"

Àtàǹpàkò họ orí. "Wọ́n... Bẹ́ẹ̀dì wọn ni wọ́n fún mi. Wọ́n ní yàrá kan wà lẹ́yìn táwọn á máa sùn sí. Mi ò mọ̀ pé kò sí yàrá kankan. Ìgbà tí mo jí láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kan ni mo rí ẹsẹ̀ wọn tó yọ síta lórí àga pálọ̀."

"O wá fi òdòdó fóònù dá wọn lóhùn! Ojú ò tì ẹ́?"

"Ó ń tì mí! Ìdí tí mi ò fi lè sọ ọ́ nìyẹn."

"Kọ ìyẹn."

"Àpẹẹrẹ lásán ni o, ọ̀gá."

"Àpẹẹrẹ ni. Máa bà á jẹ́ lọ."

Àtàǹpàkò yọ ahọ́n síta, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún kọ, ó ń gbọn ọwọ́ bí ẹni tí iná jó. Nígbà tó jọ̀wọ́ ìwé, Akọpátákó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó dorí rẹ̀ kodò.

"'Màmá, ẹ ṣé. Mo rí ẹsẹ̀ yín lórí àga. Mi ò lè sọ ọ́ lójú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun àga mọ́ nítorí mi.'" Ó nu ọ̀dà imú rẹ̀. Ó kọ háà. "Adìyẹ ló jà lórí ìwé yìí ni? Ẹsẹ̀ wo ni K yìí fi dúró?"

"Ṣé ẹ lè dà á kọ?"

"Èmi? Irú eléyìí, abínibí ni! Kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ. Mú un lọ fún wọn bẹ́ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀? Àbí ó ti parí?"

"Ọwọ́ rẹ rèé, ìwé rèé, ìtìjú rẹ rèé. Kí ló kù?"

Inú Àtàǹpàkò dùn, ó fò sókè lórí ẹsẹ̀ kejì tí kò kán. Ó tẹ́ ìwé sórí itan, ó na fóònù sí i. Iná kọ yẹ̀rì.

"Ó ti lọ, ọ̀gá!"

"Kí ló lọ?"

"Mo ti yà á ní fọ́tò, mo ti fi ránṣẹ́. Ta ló máa rìn nínú oòrùn yìí? Ọwọ́ mi ni wọ́n ṣáà ní àwọn fẹ́ rí."

Akọpátákó di orí mú. Fóònù dún.

"Wọ́n ti fèsì! Ẹ ò rí bó ṣe yá! Ẹ̀yin pẹ̀lú pépà yín..." Ó wo ojú fóònù. Ó nà án sí ọ̀gá.

Akọpátákó kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka pátákó lókèèrè:

"'Mo rí fọ́tò ìwé ọpẹ́ rẹ, ọmọ mi. Ó wọ̀ mí lọ́kàn gan-an. Èmi náà ti ń wá fọ́tò àfẹ́sọ́nà rẹ tó dára jù, màá fi ránṣẹ́ sí ọ. Fọ́tò yẹn ni kí o fẹ́.'"