Ìkọ́kọrẹ́ Màmá Adéṣẹ̀yẹ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé ẹnu ẹni la fi ń kọ méè jẹ? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ilé ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló ti ṣẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òwe náà dàgbà ju jẹnẹrétọ̀ tó wà nínú ìtàn mi lọ, kí ó lọ sọ tirẹ̀ níbòmíràn. Èyí tí mo mọ̀ ni mò ń sọ.

Màmá Adéṣẹ̀yẹ ló dá ilé náà sílẹ̀, òun náà ló sì ń darí rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ó ní àṣà kan. Kì í pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ láéláé. Ó ní ẹbí ni gbogbo àwọn, ẹbí kì í sì í pàṣẹ fún ẹbí. Bí ó bá ti ní ohun tó fẹ́ ṣe, á se ìkọ́kọrẹ́ tí ẹja àti pọ̀nmọ́ pé sínú rẹ̀, á pè yín sí ọ́fíìsì, á bù ú fún yín. Ìgbà tí ẹnu yín bá kún dáadáa ni yóò tó béèrè pé, "Ṣé ẹ fara mọ́ ọn?" Ta ni yóò fi oúnjẹ àgbà sẹ́nu tán tí yóò tún máa bá àgbà jiyàn? Ẹ ó ní "Hùn-ún." Ọ̀rọ̀ parí.

Báyìí ni wọ́n ṣe fara mọ́ iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú. Báyìí ni wọ́n ṣe fara mọ́ aṣọ iṣẹ́ tó nípọn bí aṣọ ìbora nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n tiẹ̀ fara mọ́ ọn pé kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ bí ọkọ̀ Màmá bá ti ń wọlé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èyí tí ẹ̀yin náà ti jẹ gbà lẹ́nu iṣẹ́ yín ńkọ́?

Adùnbárìn ni olùtọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké níbẹ̀. Òun náà ti jẹ nínú ìkọ́kọrẹ́ yìí, ó ti pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń dùn ún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó gbọ́ pé Màmá fẹ́ sọ yàrá àwọn ọmọ, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí dáadáa, di pálọ̀ fún àwọn àlejò tó ń ṣètọrẹ fún ilé náà. Àwọn ọmọ ni yóò kó lọ sí yàrá ẹ̀yìnkùlé, níbi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Nínú àwọn ọmọ náà ni Ìgè wà, ọmọdébìnrin kan tó ní ikọ́ fée. Bí wọ́n bá dáná igi lásán nítòsí rẹ̀, á máa wá èémí kiri ni. Inú bí Adùnbárìn débi pé ó fọ́ ife tó ń fọ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ ká rán Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbánjọ," ni àwọn tó kù wí. Akọ̀wé ilé náà ni, ó sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ògúnbánjọ tún táì rẹ̀ ṣe, ó wọlé lọ. Nígbà tí yóò fi jáde, epo ti wà ní irunmú rẹ̀.

"Ṣé ẹ sọ fún wọn?" ni Adùnbárìn béèrè.

"Mo fẹ́ sọ ọ́," ni Ògúnbánjọ wí, "àmọ́ pọ̀nmọ́ yẹn rọ̀ jù. Mo ti fara mọ́ ọn. Mo tún ní kí kọ́tìnnì pálọ̀ náà jẹ́ búlúù."

Wọ́n pòṣé, wọ́n rán Bọ̀dá Ṣówándé dẹ́rẹ́bà, ọkùnrin tí kì í bẹ̀rù ọlọ́pàá lójú títì. Ó ní òun ó sọ pé òun ń gbààwẹ̀. Ọgbọ́n ńlá!

"Ààwẹ̀? Ọlọ́run á gbà á o," ni Màmá wí. "Jókòó, ká jọ dúró kí oòrùn wọ̀."

Ó gbé àwo síwájú rẹ̀, ó dé e, ó ṣí i wò, ó tún dé e. Oòrùn ò tíì wọ̀ tán tí Ṣówándé ti ń béèrè àfikún. Nígbà tó jáde, kò lè wojú ẹnikẹ́ni. Ó ti fara mọ́ ọn pé àwọn òṣìṣẹ́ ni yóò fi orí ru bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ lọ sẹ́yìnkùlé.

Ni wọ́n bá ní kí gbogbo àwọn jọ lọ, pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Olúkúlùkù ló gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ́. Adùnbárìn pàápàá gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, kò sí òmíràn nílùú náà. Wọ́n jókòó. Àwo dé. Adùnbárìn wo ọ̀tún, Ògúnbánjọ ti ń jẹ. Ó wo òsì, Ṣówándé ti ń lá ìka.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni Màmá wí, "ọ̀rọ̀ yàrá yẹn, ṣé ẹ fara mọ́ ọn?"

"Hùn-ún," ni gbogbo ilé dáhùn.

"Màmá, mi ò jẹ," ni Adùnbárìn wí.

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan. Màmá yọ awò ojú rẹ̀. "Kí ló ṣe oúnjẹ mi?"

"Kò sóhun tó ṣe é, Màmá. Òórùn rẹ̀ nìkan ti fẹ́ pa mí. Àmọ́ bí mo bá jẹ ẹ́, Ìgè ni yóò lọ sùn sínú èéfín. Mi ò jẹ."

"Ògúnbánjọ, bá mi bá a sọ̀rọ̀!"

Ògúnbánjọ la ẹnu, ìkọ́kọrẹ́ tó wà níbẹ̀ sì fò lọ bà lé gèlè Màmá.

"Ẹni tó bá kọ oúnjẹ mi," ni Màmá wí, tó ń nu gèlè, "iṣẹ́ mi ló kọ yẹn o."

"Iṣẹ́ lẹ gbà mí fún, Màmá. Ẹ ò gba ikùn mi." Adùnbárìn dìde. "Bí yàrá yẹn bá dára fún ọmọdé, ó dára fún àgbà. Ẹ jẹ́ ká gbé oúnjẹ yìí lọ jẹ níbẹ̀. Bí ẹ bá ti jẹ tiyín tán, èmi náà á jẹ tèmi, màá sì fi orí mi ru bẹ́ẹ̀dì."

Màmá Adéṣẹ̀yẹ kì í ṣe ẹni tí ọmọ àná ń pè níjà. "Ó yá, ẹ gbé àwo!" Wọ́n gbé àwo, wọ́n tò wọnú yàrá ẹ̀yìnkùlé. Ṣówándé lọ tan jẹnẹrétọ̀, ó sì padà wọlé. Ariwo ta, èéfín dé.

"Ẹ ò rí i pé atẹ́gùn ibí..." ni Màmá bẹ̀rẹ̀, ikọ́ sì gba ìyókù mọ́ ọn lẹ́nu. Omi ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà. Ó béèrè bóyá wọ́n fara mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ògúnbánjọ ti gba ojú fèrèsé jáde, táì rẹ̀ sì há síbẹ̀. Ṣówándé, ọmọlúàbí, bu ìkọ́kọrẹ́ kún ṣíbí, ó nà án sí Màmá.

"Ẹ jẹun, Màmá! Ẹ̀yin lẹ kúkú sè é!"

"Mi ò jẹ!" Màmá fi gbogbo agbára ké e, tí àwọn ọmọ tó ń ṣeré níwájú ilé fi gbọ́ ọ. "Mo ní mi ò jẹ! Ẹ gbé e kúrò níwájú mi!"

Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀.

"Màmá," ni Adùnbárìn wí, "ṣé ẹ rí i pé 'mi ò jẹ' ò le sọ?"

Màmá nu ojú, ó tún wúkọ́, ó ní kí àwọn ọmọ wà níbi tí wọ́n wà. Ọ́fíìsì òun fúnra rẹ̀ ló fi ṣe pálọ̀ àlejò. Kò sì lé Adùnbárìn, nítorí báwo ni yóò ṣe lé èèyàn fún ohun tí òun náà ti pariwo ṣe lójú gbogbo ayé? Adùnbárìn jókòó, ó fa ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ tó ti tutù mọ́ra, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá àwo.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń rán akọ̀wé, tí ẹ ń rán dẹ́rẹ́bà, tí ẹ ń dúró de ẹni tó jókòó tì yín kó bá yín sọ ọ́: ẹnu onítọ̀hún ti kún. Ẹnu ẹni la fi ń kọ méè jẹ.