Lídà àti Kọmáńdà Ìdí-Apá

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n? Ẹ ti ń pa á láti kékeré, ẹ ò sì bèèrè rí pé kòtò wo ni, àti pé ta ló jìn sí i. Orúkọ rẹ̀ ni Òjédòkun. Ọmọ Ìdí-Apá ni, Àwẹ̀ró ni ìyàwó rẹ̀, inú igbó Àgùàrà sì ni kòtò náà wà. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín.

Láyé ìgbà tí òyìnbó ń ta wáyà láti ìlú dé ìlú, òyìnbó kan wá sí Ìdí-Apá. Ó ní òun fẹ́ ọgbọ̀n ọkùnrin tí yóò ru wáyà la igbó Àgùàrà kọjá, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Kò bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ lọ. Ohun tó bèèrè ni ọ̀gá méjì tí yóò kó wọn lọ, ó ní kí ọ̀kan jẹ́ lídà, kí èkejì jẹ́ kọmáńdà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó gun ẹṣin rẹ̀, ó gba ọ̀nà títì lọ dúró dè wọ́n ní òdìkejì igbó. Jeremáyà ògbufọ̀ rẹ̀ ló fi sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé náà kó bá wọn lọ, ọkùnrin ará Abẹ́òkúta kan tí bàtà há lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ bọ́ ọ.

Baálẹ̀ yan Òjédòkun, nítorí ọdẹ ni, ó mọ igbó. Ó yan Láwóyin náà, nítorí bí kò bá yan Láwóyin, ìlú ò ní rójú. Láwóyin ga, ó sanra, ó lóhùn, ó sì dá a lójú pé Ọlọ́run dá òun kí òun lè máa sọ ohun tí àwọn yòókù yóò ṣe. Ẹgbẹ́ ni òun àti Òjédòkun. Agboolé kan náà ni wọ́n dàgbà sí, kò sì sí ọjọ́ kan tí ọ̀kan gbà fún èkejì.

Bí òyìnbó ti yí ẹ̀yìn padà báyìí, Láwóyin bi Jeremáyà pé, "Nínú lídà àti kọmáńdà, èwo ló jù?"

"Ọ̀gá ni àwọn méjèèjì," ni Jeremáyà wí.

"Mo gbọ́. Èwo ló jù?"

Jeremáyà rò ó títí. Kò sẹ́ni tó bi í nírú ìbéèrè yẹn rí. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù lẹ́nu òyìnbó. Níkẹyìn ó ní, "Lídà ni ẹni tó ń lọ níwájú tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé. Kọmáńdà ni ẹni tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n lọ."

"Níbo ni kọmáńdà ń dúró sí?"

"Ibi tó bá wù ú."

Láwóyin rẹ́rìn-ín. "Bí ọba bá ń jáde, ta ló ń ṣíwájú? Ẹrú ni. Ẹ̀yìn ni ọba ń wà. Èmi ni kọmáńdà."

Òjédòkun ní, "Kò burú. Orí ló ń ṣíwájú ara. Èmi ni lídà."

Báyìí ni wọ́n pín in, inú àwọn méjèèjì sì dùn lọ́jọ́ kan náà, ohun tí Ìdí-Apá kò rí rí. Àwẹ̀ró nìkan ni ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Baba Ìdòwú, bí ẹni iwájú bá rí ewu, ta ni yóò pàṣẹ pé kí wọ́n dúró?"

Òjédòkun ní òun ni.

"Ohun tí ògbufọ̀ wí kọ́ nìyẹn," ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn, ó sì di ẹ̀wà sísun fún un.

Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n dé àbàtà kan. Òjédòkun ní kí àwọn yí i po. Láwóyin tó wà lẹ́yìn pátápátá kò rí àbàtà. Ohun tó rí ni pé àwọn èèyàn dúró, ó sì kígbe pé, "Ẹ máa lọ!" Wọ́n lọ. Ẹrẹ̀ mu wọ́n dé àyà. Ìdajì ọjọ́ ni wọ́n fi fa ara wọn jáde, bàtà Jeremáyà kò sì bá a jáde. Nígbà tí Láwóyin fúnra rẹ̀ dé etí àbàtà, ó wò ó, ó yí i po.

Lọ́jọ́ kejì, ìjàlọ dí ọ̀nà. Òjédòkun na ọwọ́ sókè kí wọ́n dúró. "Ẹ máa lọ!" Wọ́n lọ, wọ́n ń jó, wọ́n ń bọ́ ṣòkòtò bí wọ́n ti ń sáré, pẹ̀lú ẹrù lórí. Láwóyin jókòó sórí gbòǹgbò igi títí ìjàlọ fi kọjá tán.

Nígbà tí wọ́n ń yan iṣu lọ́jọ́ náà, Òjédòkun tọ Jeremáyà lọ. Ó ní, "Ṣé ìwé yẹn kò sọ pé lídà lè ní kí wọ́n dúró?"

Jeremáyà yọ ìwé, ó ka orúkọ oyè méjèèjì. Ó ní, "Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Ìwé kò sọ pé kò lè ní kí wọ́n dúró náà, ṣùgbọ́n Òjédòkun kò bi í léyìí.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pàdé bàbá adẹ́mu kan. Bàbá náà ní kí wọ́n ṣọ́ra. Àwọn ọdẹ erin ti gbẹ́ kòtò káàkiri ọ̀nà yẹn, wọ́n ri igi ṣóńṣó sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi ewé bò ó. Ó ní kí wọ́n gé ọ̀pá gígùn, kí wọ́n máa fi gún ilẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀.

Òjédòkun yọ àdá. Láwóyin pariwo láti ẹ̀yìn pé oòrùn ń lọ, òyìnbó ń dúró.

"Wá síwájú kí o wá wò ó," ni Òjédòkun wí.

"Iwájú kì í ṣe àyè mi. Ta ni kọmáńdà?"

"Ìwọ ni."

"Mo ní kí ẹ máa lọ."

Òjédòkun ti àdá bọ àkọ̀. Ó yíjú sí Àgbéjẹ́, aláàárù tó tẹ̀ lé e, ó ní, "Jìnnà sí mi díẹ̀." Lẹ́yìn náà ó lọ. Kò tíì rìn tó ogún ẹsẹ̀ tí ilẹ̀ fi là.

Wáyà òyìnbó ni wọ́n fi fà á jáde. Ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí wọ́n gé ọ̀pá.

Gbogbo wọn dúró. Ohùn Láwóyin tún dún láti ẹ̀yìn pé, "Kí lẹ dúró fún?" Wọ́n sọ fún un. Ó ṣí fìlà fún un, nítorí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó ní kí Àgbéjẹ́ di lídà.

Àgbéjẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó rìn kọjá lára àwọn yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó rìn kọjá lára Láwóyin, ó sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Láwóyin ní kí ẹni tó ti ń tẹ̀ lé Àgbéjẹ́ bọ́ síwájú. Ìyẹn náà lọ sẹ́yìn. Ẹni kẹta lọ, ẹni kẹrin lọ. Títí Láwóyin fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọgbọ̀n èèyàn ti wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ògbufọ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀ mọ́, àfi òkú Òjédòkun. Kò gbé ẹsẹ̀ kan, ó ti di lídà.

"Ẹ máa lọ," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ẹ ṣíwájú, kọmáńdà," ni Àgbéjẹ́ wí. "A ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

Láwóyin wo kòtò tó wà níwájú. Ó rò pé òun á yà fún un. Ó yà sí òsì, ó tẹ ewé, ó sì bá ìsàlẹ̀ kòtò kejì pàdé. Ikùn rẹ̀ ló kó o yọ, nítorí ó há a sẹ́nu kòtò díẹ̀ kó tó balẹ̀, igi kò sì rí ju itan rẹ̀ kan gún.

Wọ́n gé ọ̀pá. Wọ́n da wáyà sílẹ̀, wọ́n gbé òkú, wọ́n gbé Láwóyin, wọ́n sì ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ títí wọ́n fi dé Ìdí-Apá, kódà ilẹ̀ tí wọ́n ti rìn kọjá tẹ́lẹ̀.

Àwẹ̀ró kò sunkún lójú wọn. Ó lọ bá Láwóyin lórí ẹní, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ wà nígbà tí ọkọ mi jìn sí kòtò?"

"Ẹ̀yìn ni mo wà."

"Mo mọ̀," ni Àwẹ̀ró wí, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, òyìnbó gun ẹṣin dé. Ó ní òun gbọ́ pé lídà kú, òun bá wọn kẹ́dùn, kí wọ́n fún òun ní lídà mìíràn. Baálẹ̀ ní kí àwọn ọkùnrin ìlú tò. Ẹni àkọ́kọ́ bọ́ sẹ́yìn ẹni kejì, ẹni kejì bọ́ sẹ́yìn ẹni kẹta, wọ́n ń bọ́ sẹ́yìn ara wọn báyìí títí ìlà náà fi gba iwájú ilé baálẹ̀ kọjá, ó gba ẹnu odi jáde, ó sì wọ oko lọ. Òyìnbó bèèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe. Ó wá ògbufọ̀ rẹ̀ kó túmọ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn ẹṣin ló ti rí i.

Baálẹ̀ ní, "Jeremáyà, bá mi wí fún un pé ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n."