Ilé Onítáyà Tó Jókòó Lórí Omi Maudine

Ẹjọ́ tó dé ààfin wa lánàá, ilé kan ló dìde kúrò níbùdó rẹ̀, tó lọ jókòó lórí omi olómi. Ààfin ọ̀hún, gáréèjì ọkọ̀ panápaná ni. Wọ́n ti wa ọkọ̀ náà síta kí àga lè ráyè. Adájọ́ Leandra Quiroz jókòó sídìí tábìlì, àwọn ìgbìmọ̀ mẹ́fà tó ń bá a dá ẹjọ́ tò sórí bẹ́ǹṣì, olúkúlùkù pẹ̀lú ike omi rẹ̀ lórí itan.

Maudine Tackett ló pẹjọ́. Opó ni, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Éékà ilẹ̀ márùn-ún tí wọ́n ń tà ló rí lórí fóònù nílé ọmọ rẹ̀ ní Kentucky, owó rẹ̀ ò ju owó ọmọ màálù kan lọ, ló bá rà á, ó kó ẹrù wá sí aṣálẹ̀ Texas yìí. Ọdún méjì gbáko ló fi ń rọ yẹ̀pẹ̀ sínú àpò, tó ń to àpò lé àpò títí ó fi di ilé. Kò sí ẹ̀rọ omi níbẹ̀, kò sí kànga. Táǹkì omi kan tó rì mọ́lẹ̀, tí ọlọ́kọ̀ omi ń bá a rọ kún, ni gbogbo ohun tó gbójú lé. Bí ọwọ́ rẹ̀ ò bá tó táǹkì yẹn mọ́, ó di Kentucky nìyẹn, nínú yàrá tó dojú kọ ẹ̀rọ ìfọṣọ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó ti gbé ibẹ̀ rí. Kò fẹ́ gbé ibẹ̀ mọ́.

Ó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́.

"Ẹ̀yin adájọ́, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Mo jí, mo gbé kẹ́tùlù, mo ní kí n lọ pọn omi kọfí. Ni mo bá bá ilé kan lórí táǹkì mi."

"Ilé ta ni?"

"Ti Royce Pedigo yìí. Ilé onípákó, táyà mẹ́rin lábẹ́ ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ àná ẹ̀, kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo máa jí, ó ti sá aṣọ."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo kanlẹ̀kùn. Ó ní kí n wọlé, kí n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà."

Bẹ́ǹṣì àwọn ìgbìmọ̀ dún kẹ̀ẹ̀.

"Ẹnu táǹkì mi ti bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, mà. Ó gé pákó ilẹ̀ síbẹ̀, ó ṣe ilẹ̀kùn kékeré sí i. Èmi àgbà obìnrin, mo wá ń dọ̀bálẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì lárààárọ̀ kí n tó rí omi bọ́jú! Ó tún lẹ ìwé mọ́ ògiri: 'Omi pípọn, aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ọjọ́ Ìsinmi, a kì í ṣí.'"

"Royce, ṣé ìwé yẹn wà níbẹ̀?"

"Mo ti yí i padà, mà," ni Royce wí. "Mo ti fi wákàtí kan kún un."

Royce yìí, káfíńtà tó ń kan òrùlé ni tẹ́lẹ̀, ó ga, ó tín-ín-rín, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ètè rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé Bíbélì, ó búra, ó tún bẹ́líìtì rẹ̀ so.

"Kí lo ní í sọ?"

"Afẹ́fẹ́ ni, mà. Afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ pè lẹ́jọ́."

"Afẹ́fẹ́ gbé ilé?"

"Kò gbé e, ó tì í ni. Mo sùn sórí ilẹ̀ mi, mo jí sórí tiwọn. Ká ní ẹ wò ó dáadáa, èmi gan-an ló yẹ kí n pẹjọ́."

"Nígbà tí o jí, kí ló dé tí o ò gbé e kúrò?"

"Ilé mi ni, mà! Ní Texas yìí, ta ló ń lé ọkùnrin kúrò nínú ilé ẹ̀?"

Adájọ́ ṣí fáìlì kan, ó na ìwé kan sí i.

"Lóṣù kẹta, wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ béèrè pílánù lọ́wọ́ ẹ. Ka ohun tí o kọ fún un."

Royce wo àjà. Ó wo ilẹ̀.

"Kà á sókè."

"'Ohun tí ẹ ń wò yìí kì í ṣe ilé. Ọkọ̀ ni. Kò ní pílánù, kò sì ní í ní láéláé.'"

"Ta ló buwọ́ lù ú?"

"Ẹnì kan tó ń jẹ́ Royce Pedigo."

Ẹ̀rín bú. Kò sí ẹni tó lè bínú sí i lórí ìyẹn, nítorí ìdajì àwa tá a wà níbẹ̀ ló ń gbé orí táyà. Bí ilé bá ti ní táyà, wolé-wolé á kàn jánu, á kọjá lọ. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ ṣàdédé di ilé mọ́ èèyàn lẹ́nu níwájú adájọ́, ìyẹn ṣàjèjì.

Wọ́n pe Don Eusebio Armendáriz, bàbá tó ń fi ọkọ̀ gbé omi káàkiri fún wa.

"Don Eusebio, kí lẹ rí?"

"Ipa táyà ni mo rí. Mẹ́rin ti ilé, mẹ́rin mìíràn níwájú ẹ̀."

"Royce, afẹ́fẹ́ wo ló ní táyà mẹ́rin?"

"Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ò ṣeé mọ̀, mà."

"Mo ní ẹlẹ́rìí," ni Royce tún fi kún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Dub Larkey ló jáde síwájú, ọkùnrin kúkúrú kan. Ó ti wẹ̀. Omi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa tó jẹ́ pé nígbà tí a rí Dub tó wẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, a ti mọ̀ pé irọ́ ló fẹ́ pa. Òun náà búra.

"Mo fojú mi méjèèjì rí i, mà. Afẹ́fẹ́ ń ti ilé yẹn lọ síwọ̀ oòrùn, ó ń yọ́ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Níbo lo dúró sí?"

"Níta gbangba. Afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ló ṣí fìlà mi."

"Fìlà gba ibo lọ?"

"Ìlà oòrùn. Ẹ̀yìnkùlé Don Eusebio ni mo ti lọ ṣà á."

"Ilé lọ síwọ̀ oòrùn, fìlà lọ sílà oòrùn?"

Dub ronú. Ó na ọwọ́ kan síwọ̀ oòrùn, ó na ìkejì sílà oòrùn.

"Afẹ́fẹ́ méjì ni, mà. Ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú."

"Ó tún kù," ni Don Eusebio wí láti orí àga rẹ̀. "Ilẹ̀ Mísì Maudine ga ju ti Royce lọ, ó tó ọkùnrin méjì tó gun ara wọn léjìká. Ṣé afẹ́fẹ́ wá ti ilé gun òkè ni?"

"Ó ń sinmi lójú ọ̀nà," ni Dub dáhùn.

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Maudine nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ ti lọ síbòmíràn. Ó rántí ọjọ́ tí Royce kọ́kọ́ dé, tó dúró lórí ilẹ̀ òun tó kún fún òkúta, tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Màmá, òkúta lẹ rà o! Tèmi, yanrìn gẹrẹrẹ. Mi ò ní ro koríko kan ṣoṣo."

"Royce," ló pè é, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ilẹ̀ ẹ tó dán bí àwo yẹn. Kí ló dé tí nǹkan kan ò hù níbẹ̀?"

Royce tún bẹ́líìtì rẹ̀ so.

"Èmi ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Ojú ọ̀gbàrá ni, mà."

Royce gbójú sókè wò ó.

"Àwòrán ni mo wò rà á. Mo rí i tó tẹ́jú, mo ní ẹni tó tà á ti bá mi ro ó. Àfi ìgbà tí Don Eusebio sọ fún mi pé omi ló ń ro ó lọ́dọọdún, pé bí òjò oṣù keje bá dé, Mẹ́síkò ni mo máa jí sí. Gbogbo ohun tí mo ní láyé wà nínú ilé yẹn."

"Kí ló ṣe ẹ́ tí o ò wá bẹ̀ mí?"

"Mo ti fi òkúta yín ṣe yẹ̀yẹ́ jù, Màmá."

Àánú ṣe Maudine, kò sì fi pa mọ́. Ó kọjú sí adájọ́.

"Mi ò fẹ́ kí ọ̀gbàrá gbé e, mà. Ṣùgbọ́n omi mi ni mo wá gbà. Mi ò lè máa bọ́ bàtà kí n tó mumi."

Adájọ́ àti ìgbìmọ̀ mẹ́fà forí korí lórí máàpù fún ìgbà díẹ̀. Adájọ́ wá kan tábìlì.

"Royce Pedigo, ọkọ̀ ni ilé ẹ. Ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ lo buwọ́ lù ú. Ọkọ̀ kì í gbé orí táǹkì. Ojú títì ló ń gbé. Títì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Maudine lókè níbẹ̀, nínú máàpù. Òpópónà Etí Adágún ni wọ́n pè é."

Ẹ̀rín tún bú. Kò sí adágún, kò sí títì. Ehoro nìkan ló ń gba ibẹ̀.

"Ọ̀gbàrá kì í dé ibẹ̀," ni adájọ́ ń bọ́rọ̀ lọ, "kò sì sí ẹni tó máa lé ọkọ̀ kúrò lójú títì tí kò sí."

Ojú Royce tàn yòò. "Ẹ ṣeun, mà! Lọ́la ni mo máa fi píkọ́ọ̀pù mi..."

"Píkọ́ọ̀pù kẹ̀? Ìwọ àti Dub fi Bíbélì búra pé afẹ́fẹ́ ló tì í wá. Ilé ẹjọ́ yìí ti gbà yín gbọ́. Afẹ́fẹ́ náà ló máa tì í lọ. Lọ́sàn-án òní. Ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú."

"Èmi tí mo kàn wá jẹ́rìí?" ni Dub ké.

"Ẹni tó mọ afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ máa mọ bó ṣe ń fẹ́."

Royce nu ojú. "Ṣé ó tán, mà?"

"Ọkọ̀ tó bá wà lójú títì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà. Iná funfun níwájú, iná pupa lẹ́yìn."

"Mo gbọ́, mà."

"Ẹni tó bá wà nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ de bẹ́líìtì."

"Nínú yàrá mi?"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ gan-an. Bí o bá sì fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú oorun, kọ́kọ́ tan tíráfíkétọ̀."

Kí aago mẹ́rin tó lù, ilé ti kúrò lórí táǹkì, àwọn ìgbìmọ̀ ti jókòó sábẹ́ agbòòrùn wọ́n ń wòran, òógùn sì ti wọ inú bàtà afẹ́fẹ́ méjèèjì. Maudine ṣí ọmọrí táǹkì rẹ̀ lórí ìdúró. Ó pọn ife kan, ó mu ún tán. Ó wá pọn méjì mìíràn, ó sì gbé wọn lọ fún afẹ́fẹ́.